Wọ́n Ní Ìyá Tónítóní Ò Ní Kòrónà

Ìyá Tónítóní ti kú. Ọjọ́bọ̀ kan ló kú, lọ́sàn-án gangan, nínú ilé ìwòsàn tó ti ń bá wọn fọṣọ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó kú lé lórí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́. Ó ti tó oṣù díẹ̀ báyìí, mi ò sì tíì sunkún. Mo ń retí ẹkún náà, kò wá. Ara mi kàn kú ni, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Mo ń jẹun, mo ń dáhùn tí wọ́n bá kí mi, mo ń lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń wọ̀ mí lára nínú gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń retí ọ̀rọ̀ aládùn lójú ìwé yìí lónìí, kó ṣí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn, kó lọ ka ti bọ́ọ̀lù.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá ìlú wa ló ti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti sùn lórí aṣọ tó fọ̀. Aṣọ tí wọ́n fi gba ọmọ yín lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ẹ̀wù tí dókítà wọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá yín, ọwọ́ rẹ̀ ló gbà kọjá. Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá náà wà, lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Fèrèsé kan ló ní, ìyẹn náà ò sì ṣeé ṣí. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ ń pariwo débi pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbé ẹnu sétí ẹnì kejì. “Kó mọ́ tónítóní!” ni Ìyá máa ń pariwo sétí gbogbo èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn.

Ilé kan náà la jọ ń gbé, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Mi ò lè jáde nílé kó má yẹ ọrùn mi wò.

“Akọ̀wé, kọ́là ẹ yìí, ṣé ilẹ̀ lo fi ń nù ni?”

“Mọ́mì, mo fọ̀ ọ́ lánàá.”

“O rì í bọmi lánàá. Fífọ̀ kọ́ nìyẹn. Bọ́ ọ kí n bá ẹ fọ̀ ọ́, má lọ fi kọ́là yìí dójú tì mí níwájú àwọn ọ̀gá ẹ.”

Màá bọ́ ọ níbẹ̀, lórí àtẹ̀gùn, màá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì padà wọlé lọ wá òmíràn. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti di télọ̀, ó sì ní ọmọ-ọmọ kan tó ń pè ní ọkọ òun. Ìgbésí ayé rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ, kò sì rò pé ó kéré.

Ohun tó pa á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà lórí bílíìṣì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bílíìṣì ni oògùn líle tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, tí wọ́n sì fi ń pa kòkòrò. Ní yàrá ìfọṣọ yẹn, imú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ike ìwọ̀n wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ó wà lórí pẹpẹ, eruku ti bò ó. Wọ́n á da bílíìṣì sómi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fa imú. Tó bá ta wọ́n nímú dáadáa, ó tó nìyẹn. Bí àwọn tó ṣáájú wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Tónítóní da bílíìṣì sómi, ó fa imú, kò gbóòórùn kankan. Ó tún da sí i. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì, ó di ọ̀dọ̀ sítọ́kípà.

“Omi lẹ kó fún wa,” ló sọ fún un. “Ẹ ti bomi la bílíìṣì yìí.”

“Mọ́mì, ṣé olè lẹ wá ń pè mí láàárọ̀ yìí?”

“Mi ò pe ẹnì kankan lólè. Kẹ́ẹ̀gì ni mo ń bá wí. Gbé imú ẹ síbí!”

Sítọ́kípà gbé imú sí i. Ojú rẹ̀ kún fómi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá Tónítóní pàtẹ́wọ́, ó ní irú ẹni báyìí ló yẹ kí wọ́n máa fi ṣe fíìmù. Nígbà tó padà dé ìsàlẹ̀, àwọn méjì mìíràn gbé imú sí kẹ́ẹ̀gì náà, àwọn náà ò gbóòórùn kankan. Ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo wọn gbà pé omi ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da bílíìṣì ní ìlọ́po, kò sì pẹ́ tí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì fi ń ya mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ bí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ. Ilé ìwòsàn ní kí Ìyá Tónítóní wá wí tẹnu rẹ̀ lórí ohun ìní ìjọba tó ń bà jẹ́.

Láràárọ̀ ni rédíò ń kígbe nígbà yẹn pé ẹni tí kò bá gbóòórùn mọ́ kó tètè lọ ṣàyẹ̀wò kòrónà. Wọ́n ń gbọ́ ọ ní yàrá ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí bílíìṣì ti ń ta nímú láti ìgbà èwe, kẹ́ẹ̀gì ló máa kọ́kọ́ fura sí, kò ní fura sí imú ara rẹ̀. Mi ò lè bú wọn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí: àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ń ya yẹ̀ wò, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n pe Ìyá wá síwájú wọn, tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé òun ò gbóòórùn bílíìṣì mọ́, ṣé kò sí dókítà kankan láàárín wọn ni? Ilé ìwòsàn mà ni!

Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Àtẹ̀gùn tó máa ń sáré gùn, ó wá di ohun tó ń sinmi nídìí rẹ̀ kó tó gùn ún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn mi.

“Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó síbí?”

“Mo ń bá ẹ ṣọ́lé ni, kí wọ́n má bàa jí kọ́là ẹ.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tán bọ̀rọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló fi tipátipá mú un lọ sí kíliníìkì àwọn òṣìṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ti ọ̀pá olówùú tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ nímú, ó rì í sínú oògùn, ó kán oògùn náà sórí ike pẹlẹbẹ kan, wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Ilà kan ló jáde. Ilà méjì ni ti ẹni tó ní i. Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. “Akọ̀wé! Mi ò ní i o! Jáde wá bá mi dúpẹ́!” Mo jáde. Mo bá a dúpẹ́. Ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ní kí ọkọ òun má bínú pé òun ń sá fún un.

Ní báyìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí ṣe rí, torí inú rẹ̀ ni ikú yìí sá pamọ́ sí. Èyí tí wọ́n ṣe fún un ni àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀. Ó yá, ó rọrùn, ó sì wúlò. Tó bá sọ pé èèyàn ní kòrónà, ẹ tètè gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá sọ pé kò ní i, tí ara ẹni náà sì ń gbóná, tó ń wúkọ́, tí kò gbóòórùn, ọ̀rọ̀ ò tíì parí, torí àyẹ̀wò yìí máa ń fo àwọn kan tó ní i. Ibẹ̀ ni àyẹ̀wò lábù ti ń wọlé. Wọ́n á tún ti ọ̀pá bọ imú, wọ́n á gbé e lọ sínú ẹ̀rọ ní lábù. Èsì rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí kòrónà tó wà ńbẹ̀ bá tiẹ̀ kéré gan-an, ẹ̀rọ náà sábà máa ń rí i. Èyí kì í ṣe àṣírí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíliníìkì náà gan-an, tàwòrán-tàwòrán.

Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Mo wá a lọ nígbà tó yá, ó sì bá mi sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

“Mo gòkè lọ bá wọn, bọ̀dá. Mo ní ilà kan ló jáde lóòótọ́, àmọ́ obìnrin yìí ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ lábù. Wọ́n ní ohun èlò lábù tó kù, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀.”

“Fún ta ni?”

“Fún àwọn ọ̀gá tó fẹ́ rìnrìn àjò.”

“Ṣé ara wọn ò yá ni?”

“Ara wọn dá ṣáṣá. Òmíràn tiẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kó lè dá òun lójú.”

Ìpàdé kan ni wọ́n ń lọ lókè òkun. Mo wádìí ohun tí ìpàdé náà dá lé. Ó dá lé bí a ó ṣe máa dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, inú ò bí mi, ẹ̀rín ò pa mí. Mo kàn gbé fóònù sílẹ̀. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ni wọ́n fún ní àyẹ̀wò tó ń rí nǹkan. Ẹni tí nǹkan ń ṣe, èyí tó lè fò ó ni wọ́n fún un. Ta ló jókòó tó ronú báyìí? Ṣé ó kàwé? Ta ló kọ́ ọ?

Ilé ìwòsàn ní òfin kan nígbà náà: òṣìṣẹ́ tí àyẹ̀wò bá ní kò ní kòrónà, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ kíá, torí ọwọ́ ò tó. Ìyá Tónítóní padà. Inú rẹ̀ dùn láti padà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, kò fẹ́ràn kó máa jókòó sílé. Ó wọ ìsàlẹ̀ ilé lọ, sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣeé ṣí, ó tún ń gbé ẹnu sétí àwọn èèyàn. Ìgbà tó ṣubú sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ká aṣọ, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aṣọ ti í lọ sókè.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, láàárín àwọn aláìsàn mìíràn, torí àyẹ̀wò ti ní kò ní i. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò lábù fún un. Ó di ọ̀la, ó di ọ̀tunla. Ọjọ́bọ̀ dé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ikú rẹ̀ pé àìsàn àyà ló pa á. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò lábù fún ìyá òun báyìí, kóun ṣáà lè mọ̀. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pe àwọn tó wà lókè lórí fóònù. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, ó sì sọ ọ́ fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́: “Wọ́n ní òkú ò nílò àyẹ̀wò.”

Òkú ò nílò àyẹ̀wò. Mo ti sọ gbólóhùn yìí lẹ́nu ara mi títí tí kò fi dà bí ọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, wọ́n fi òkúta dúdú dídán ṣe ògiri kékeré kan. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí kòrónà pa ló wà lára rẹ̀, àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, awakọ̀ áḿbúlánsì kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ sí wọn. Ọmọ Ìyá Tónítóní fẹ́ kí orúkọ ìyá òun wà ńbẹ̀. Kò béèrè fún nǹkan mìíràn. Lèmi àti ẹ̀ bá jọ lọ rí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá àgbà. Ó dìde fún wa, ó fa àga fún wa, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá. Kọ́tìnnì funfun báláú ló wà lójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ Ìyá Tónítóní ń wo kọ́tìnnì náà ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀, mo sì mọ ohun tó ń wò níbẹ̀.

“Mo bá yín kẹ́dùn gan-an,” ọ̀gá àgbà sọ. “Òṣìṣẹ́ takuntakun ni Mọ́mì. Àmọ́ àwọn tí kòrónà pa nìkan ni orúkọ wọn ń wọ ara ògiri yẹn. Àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ wa sì sọ pé wọn ò ní i.”

“Ẹ̀yin lẹ mú àyẹ̀wò yẹn fún wọn, sà,” mo sọ fún un.

“Àyẹ̀wò tí ìjọba fọwọ́ sí ni.”

“Èwo lẹ ṣe fún ara yín kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò?”

Ó mu omi. “Ìyẹn yàtọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ló béèrè fún un.”

“Nọ́ọ̀sì yín náà béèrè fún un, sà,” ọmọ Ìyá Tónítóní sọ. “Ẹ ò fún un.”

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ọ̀gá àgbà sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún wa fúnra rẹ̀. Nígbà tá a dé ìta, ọmọbìnrin náà ní òun fẹ́ jókòó díẹ̀. A jókòó.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ ti ń jà ràn-ìn nílé ìwòsàn, pé àwọn méjì tí kò gbóòórùn bílíìṣì pẹ̀lú Ìyá náà ti dùbúlẹ̀ àìsàn nílé wọn, tí Ọlọ́run sì yọ wọ́n. Kí wọ́n lè pa ariwo náà, àwọn tó wà lókè mú àyẹ̀wò kẹta jáde, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èyí kì í wá kòrónà tó wà lára èèyàn lónìí. Ohun tó ń wò ni bóyá ara ẹni náà ti bá a jà rí. Wọ́n gún gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá ìfọṣọ lábẹ́rẹ́. Wọ́n rò pé kò ní sí nǹkan kan ńbẹ̀. Àfi bí èsì ṣe dé: àyàfi àwọn díẹ̀, gbogbo yàrá náà ló ti bá kòrónà jà. Ó ti jà nísàlẹ̀ ilé yẹn lábẹ́ imú ilé ìwòsàn odindi, kò sì sẹ́ni tó rí i.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ á yí padà. Ọ̀gá àgbà jáde, ó ní inú òun dùn pé ara àwọn òṣìṣẹ́ òun le, àti pé ilé wọn ni wọ́n ti kó o.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Àyẹ̀wò tó ní “rárá”, wọ́n gbà á gbọ́ délẹ̀, wọ́n fi lé obìnrin kan padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì tún fi lé e kúrò lára ògiri nígbà tó kú. Àyẹ̀wò tó ní “bẹ́ẹ̀ ni”, wọ́n wá àlàyé fún un. Èyí tó lè yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn tó ń wọkọ̀ òfuurufú. Wọn ò wá àìsàn rárá. Ìdáhùn tó máa jẹ́ kí wọ́n sùn ni wọ́n ń wá, wọ́n sì mọ àyẹ̀wò tó ń fún wọn. Ẹ dákun, tó bá jẹ́ ìyá tiwọn ló ń wúkọ́, èwo ni wọn ì bá mú?

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú bí mi ju báyìí lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ohùn mi ò dún bíi tàtẹ̀yìnwá. Bóyá bí ìbínú ṣe máa ń rí nìyẹn tí kò bá rí ibi jáde sí. Ṣùgbọ́n ara tó kú yìí, ó ṣì lè béèrè ọ̀rọ̀.

Mo ń béèrè orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n ya ohun èlò lábù sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń rìnrìn àjò. “Àwọn tó wà lókè” kì í ṣe orúkọ èèyàn. Mo ń béèrè orúkọ ẹni tó sọ lórí fóònù pé òkú ò nílò àyẹ̀wò. Kí wọ́n pe àwọn méjèèjì jáde, kí wọ́n jókòó síwájú ìgbìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mú obìnrin tára rẹ̀ ò yá jókòó nítorí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Kí wọ́n pa “àìsàn àyà” rẹ́. Kí wọ́n kọ orúkọ ìyá ọmọbìnrin yìí sára òkúta dúdú yẹn, orúkọ rẹ̀ gan-an, tó pé.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn lè dúró di ọ̀la. Èyí tí kò lè dúró ni mo fẹ́ fi parí. Ọkùnrin kan wà tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ láti wọ́ọ̀dù lọ sí yàrá ìfọṣọ. Ó wà lára àwọn díẹ̀ tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ara wọn ò tíì bá kòrónà jà rí. Láti ọjọ́ mélòó kan ni ara rẹ̀ ti ń gbóná, àyà sì ń dùn ún. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ fún un lánàá, ilà kan ló jáde, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí. Ó ní ọkọ òun ní kóun má dààmú, pé wọ́n ti yẹ òun wò.

Ọ̀gá àgbà, ọkùnrin náà wà nísàlẹ̀ ilé yín bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ gbé e lọ lábù lónìí, nígbà tó ṣì jẹ́ òun fúnra rẹ̀ lẹ máa sọ èsì fún.